Ọmọ Tó Bá Ṣípá: Ohun Tí A Rí Kọ́ Nínú Èdè Jàpáànì

Nígbà tí ìgbìmọ̀ tó ń ṣètò ìwé ìrántí yìí ní kí á kọ nǹkan díẹ̀ sí i, wọ́n rò pé ọ̀rọ̀ owó ìfẹ̀yìntì ni a ó kọ, nítorí pé iṣẹ́ ìjọba ni a ti ń ṣe láti ìgbà tí a ti jáde ní pólì, ó sì ku ọdún díẹ̀ kí àwa náà fẹ̀yìn tì. Ṣùgbọ́n ohun tó gba ọkàn wa lọ́dún yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ fáìlì. Èdè Jàpáànì ni àwa tọkọtaya ń kọ́. Ẹ má rẹ́rìn-ín o. Bí ẹ bá sì rí "a" àti "àwa" nínú ọ̀rọ̀ yìí, àwa méjèèjì ni. Ìyá ilé ti ka gbogbo rẹ̀, ó sì ti buwọ́ lù ú bí ọ̀gá ṣe ń buwọ́ lu fáìlì.

Púpọ̀ nínú yín ló mọ ọmọ wa ọkùnrin tó lọ sí Jàpáànì ní ọdún 2017. Ìmọ̀ ẹ̀rọ ló lọ kà, ìjọba ilẹ̀ Jàpáànì ló sì fún un ní ẹ̀kọ́-ọ̀fẹ́. Nínú ìpàdé ẹgbẹ́ ni a ti gbàdúrà fún un kí ó tó lọ. Nígbà tó parí ẹ̀kọ́ rẹ̀, ó rí iṣẹ́ sí ìlú Nagoya, ó sì fẹ́ ọmọ ibẹ̀ ní ọdún 2021. Ní ọdún 2022 ni Ọlọ́run fi ọmọbìnrin kan ta wọ́n lọ́rẹ. Gbogbo ọjọ́ Àbámẹ́ta ni a máa ń rí ara wa lójú fóònù. Aago mẹ́wàá àárọ̀ tiwa níhìn-ín ni aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ tiwọn lọ́hùn-ún, nítorí pé wákàtí mẹ́jọ ni Jàpáànì fi ṣíwájú wa.

Ní ọjọ́ kan, ọmọ-ọmọ wa yìí nawọ́ sí wa lójú fóònù, ó ń pariwo pé, "Hoshii! Hoshii!" Àwa rò pé ó ń kí wa ni. A dá a lóhùn pé, "Hoshii o, ọmọ wa, o ṣeun!" Ọmọ tún pariwo, àwa náà tún kí i, títí ó fi bú sẹ́kún. Bàbá rẹ̀ gbé e, ó sì sọ fún wa pé fìlà abetí-ajá tó wà lórí bàbá ilé ló ń wù ú. "Hoshii" yẹn, "mo fẹ́ ẹ" ni. Ọmọ ń tọrọ fìlà, àwa ń kí i! A fi ṣe ẹ̀rín lójú fóònù, ṣùgbọ́n nígbà tí a pa fóònù tán, kò pa wá lẹ́rìn-ín mọ́. Ẹ̀jẹ̀ wa ń sọ ohun tí ọkàn rẹ̀ fẹ́, a kò sì gbọ́. Alẹ́ ọjọ́ yẹn ni a pinnu pé a ó kọ́ èdè náà, ó kéré tán, dé ibi tí a ó fi lè mọ ohun tí ọmọ ń fẹ́.

Ọmọ wa fi ìwé kan ránṣẹ́ sí wa tí wọ́n ń pè ní Minna no Nihongo, èyí tí ọ̀pọ̀ àlejò fi ń bẹ̀rẹ̀ èdè náà. A kọ́kọ́ kọ́ àwọn lẹ́tà wọn tí wọ́n ń pè ní hiragana, mẹ́rìndínláàádọ́ta (46) ni. Ìyá ilé lẹ̀ wọ́n mọ́ ara ìlẹ̀kùn kíṣìnnì, a sì ń kà wọ́n bí a bá ń dúró de omi gbígbóná. Ìyàwó ọmọ wa ni tíṣà wa. Àwa á kọ iṣẹ́ àṣetiléwá sínú ìwé, a ó ya fọ́tò rẹ̀, a ó fi ránṣẹ́ sí i, òun náà á fi àmì pupa síbi tí a ti ṣì í, á sì dá a padà. Ó ní sùúrù púpọ̀. "Otōsan" ló ń pe bàbá ilé, "Okāsan" ló ń pe ìyá ilé, ìyẹn bàbá àti ìyá. Nínú ẹ̀kọ́ kẹtàlá ìwé náà ni ọ̀rọ̀ nípa fífẹ́ nǹkan wà. Ibẹ̀ ni a ti pẹ́ jù lọ, nítorí rẹ̀ ni a sì ṣe ń kọ̀wé yìí.

Ẹ jẹ́ ká wo èdè tiwa ná. Ní Yorùbá, "fẹ́" kan ṣoṣo ló ń ṣe gbogbo iṣẹ́. A ó ní, "Mo fẹ́ omi." A ó ní, "Mo fẹ́ mu omi." A ó tún ní, "Mo fẹ́ kí o mu omi." Àwọn Hausa tí a jọ ń gbé náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n á ní "ina son ruwa" bí wọ́n bá fẹ́ omi, wọ́n á ní "ina so in sha ruwa" bí wọ́n bá fẹ́ mu ún. Ọ̀rọ̀ "so" kan náà ló ń jáde. Àwọn ará Jàpáànì ní tiwọn pín in sí mẹ́ta.

Àkọ́kọ́, bí ó bá jẹ́ pé nǹkan ni èèyàn fẹ́, "hoshii" ni yóò lò. "Mizu" ni omi. "Mizu ga hoshii desu" ni mo fẹ́ omi. Èkejì, bí ó bá jẹ́ pé ohun kan ni èèyàn fẹ́ ṣe, yóò mú ọ̀rọ̀-ìṣe, yóò gé "masu" tó wà nídìí rẹ̀ kúrò, yóò sì fi "tai" rọ́pò rẹ̀. Mímu ni "nomimasu", mo fẹ́ mu ún ni "nomitai desu." Jíjẹ ni "tabemasu", mo fẹ́ jẹ ẹ́ ni "tabetai desu." Lílọ ni "ikimasu", mo fẹ́ lọ ni "ikitai desu." Bí n kò bá fẹ́ lọ, ó di "ikitaku nai desu." Bí ó bá jẹ́ pé mo ti fẹ́ lọ rí, ó di "ikitakatta desu." Ẹ̀kẹta kò sí nínú ẹ̀kọ́ kẹtàlá, ìyàwó ọmọ wa ló fi kún un fún wa: bí ó bá jẹ́ pé ẹlòmíràn ni mo fẹ́ kó ṣe nǹkan, "te hoshii" ni. "Kite hoshii desu" ni mo fẹ́ kí o wá.

Ohun kan wà níbẹ̀ tó yá wa lára. "Hoshii" kì í ṣe ọ̀rọ̀-ìṣe lọ́dọ̀ wọn, ọ̀rọ̀-àpèjúwe ni, bí ìgbà tí a bá ń sọ pé nǹkan pupa tàbí pé ó tóbi. Ohun tí à ń fẹ́ gan-an ló máa ń jókòó sí ipò olùwà nínú gbólóhùn, "ga" tó tẹ̀ lé e ló ń fi í hàn. Nígbà tí ìyá ilé rí èyí, ó ní, "Ṣé 'wù' kọ́ nìyí?" Òótọ́ ni. A kì í sọ pé a wu fìlà. Fìlà ló ń wù wá. Omi tútù ń wù mí. Ilé ń wù mí. Nǹkan náà ló ń ṣe èèyàn, kì í ṣe èèyàn ló ń ṣe nǹkan. Láti ọjọ́ yẹn ni a kò ti gbàgbé "ga" mọ́, nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ ọ ṣì ń gbàgbé rẹ̀.

Ṣùgbọ́n Yorùbá tún tì wá ṣubú. Iṣẹ́ àṣetiléwá kan ní kí á sọ bí ojú ọjọ́ ṣe rí. Òjò ṣú ní Kàdúná lọ́jọ́ náà, a rántí pé "òjò fẹ́ rọ̀", a sì kọ ọ́ pé "Ame ga furitai desu." Ìyàwó ọmọ wa rẹ́rìn-ín títí. Ó ní òjò kò ní ọkàn tí yóò fi wù ú láti rọ̀. Ohun tí wọ́n ń sọ ni "Ame ga furisō desu," pé ó jọ pé òjò máa rọ̀. "Fẹ́" tiwa á máa sọ ohun tó kù díẹ̀ kó ṣẹlẹ̀, "tai" tiwọn kì í ṣe irú iṣẹ́ yẹn.

Ibi tí a tún ti kọsẹ̀ ni ti àna wa. Ìyá ìyàwó ọmọ wa wá kí wọn lọ́jọ́ Àbámẹ́ta kan, a sì fẹ́ fi hàn án pé a ti ń gbọ́ èdè rẹ̀. A bi í pé, "Naijiria ni kitai desu ka?" ìyẹn ni pé, ṣé ẹ fẹ́ wá sí Nàìjíríà? Màmá náà rẹ́rìn-ín, ó tẹrí ba, kò sì dáhùn. Lẹ́yìn náà ni ìyàwó ọmọ wa rọra ṣàlàyé pé gírámà rẹ̀ kò burú, ìwà ibẹ̀ ni kò tó. A kì í fi "tai" bi àgbà léèrè, nítorí pé ó dà bí ẹni ń tú inú rẹ̀ wò. Ohun tó yẹ kí á sọ ni "Irasshaimasen ka?" pé ṣé ẹ kò ní wá? Bẹ́ẹ̀ náà ni a kì í bi àlejò pàtàkì pé ṣé ó fẹ́ mu kọfí; à á bi í pé kọfí ńkọ́, "Kōhī wa ikaga desu ka?"

Ojú tì wá díẹ̀, nítorí pé ilé la ti mọ èyí. Bí àgbà bá wọlé, ta ló ń bi í pé ṣé ó fẹ́ mu omi? Omi là ń gbé kalẹ̀, a ó sì kúnlẹ̀. Ní ọ́fíìsì pàápàá, a ti lo ohun tó lé ní ọgbọ̀n ọdún nínú iṣẹ́ ìjọba, a kò tíì kọ lẹ́tà kan tó ní "mo fẹ́" nínú. Ohun tí à ń kọ ni pé a pa á láṣẹ fún mi láti fi tó yín létí. Bí ó bá tilẹ̀ jẹ́ owó ìsinmi ara wa ni à ń béèrè, àdúrà ni à ń gbà pé kí ọ̀gá buwọ́ lù ú. Ẹni tó bá fi irú èdè bẹ́ẹ̀ jẹun pẹ́, kò ní mọ̀gbà tí yóò gbàgbé bí wọ́n ṣe ń sọ ohun tó wà nínú ara wọn.

Èyí ló gbé wa dé ibi tí ọ̀rọ̀ wà. Òfin kan wà nínú èdè Jàpáànì tí kò sí nínú Yorùbá. "Hoshii" àti "tai," tara ẹni nìkan ni èèyàn lè fi wọ́n sọ bẹ́ẹ̀ gbọnrangandan. Mo lè sọ pé mo fẹ́ lọ. Mo lè bi ọ̀rẹ́ mi pé ṣé ó fẹ́ lọ. Ṣùgbọ́n n kò lè dédé fi "ikitai desu" sọ pé ẹnì kẹta fẹ́ lọ, nítorí pé n kò sí nínú rẹ̀. Bí ó bá sọ ọ́ létí mi, mo gbọ́dọ̀ fi kún un pé "to itte imasu," ìyẹn ni pé ó ní òun fẹ́ lọ. Bí ó bá jẹ́ pé ìṣe rẹ̀ ni mo fi mọ̀, "tai" á di "tagatte imasu," "hoshii" náà á di "hoshigatte imasu," ìyẹn ni pé ó ń ṣe bí ẹni tó fẹ́ ẹ. Ọmọ-ọmọ wa tó nawọ́ sí fìlà, "hoshigatte imasu" ni tirẹ̀ lẹ́nu ẹni tó ń wò ó. Àwọn baba wa náà mọ̀ pé ọmọ tó bá ṣípá ni ìyá rẹ̀ ń gbé. Apá ni ìyá rí, kò rí inú.

Ní oṣù tó tẹ̀ lé e, ìyàwó ọmọ wa ní kí á kọ gbólóhùn márùn-ún nípa ẹbí wa, kí "tai" wà nínú wọn. A kọ mẹ́rin. Nígbà tó di ìkarùn-ún, a kọ ohun tí a ti ń sọ fún gbogbo yín nínú ìpàdé láti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn: "Musuko wa Naijiria ni kaeritai desu." Ọmọ wa fẹ́ padà sí Nàìjíríà. Ẹ rántí pé a ti sọ ọ́ fún yín. A ti sọ fún àwọn ará ilé ní Ògbómọ̀ṣọ́ pẹ̀lú. A tilẹ̀ ti ra ilẹ̀ kan tí a ní yóò fi kọ́lé.

Àmì pupa wà níwájú rẹ̀ nígbà tó padà dé. Ìyàwó ọmọ wa kọ gbólóhùn mẹ́ta sábẹ́ rẹ̀, ó ní kí á mú èyí tó bá bá ohun tí à ń sọ mu. Àkọ́kọ́ ni "kaeritai to itte imasu": ó ní òun fẹ́ padà. Èkejì ni "kaeritagatte imasu": ó ń ṣe bí ẹni tó fẹ́ padà. Ẹ̀kẹta ni "kaette kite hoshii desu": a fẹ́ kí ó padà wálé.

Kò fi bú wa. Gírámà ló ń kọ́ wa. Ṣùgbọ́n àwa méjèèjì jókòó sí pálọ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà, a gbé ìwé sáàárín, a kò sì lè mú àkọ́kọ́, nítorí pé kò sọ bẹ́ẹ̀ rí. Ìyá ilé ní bóyá èkejì ni, nítorí pé ó máa ń béèrè ọ̀rọ̀ ilé, ó sì fẹ́ràn ẹ̀bà. Bàbá ilé ní ẹni tó bá béèrè ọ̀rọ̀ ilé kò tíì di gàárì fún ẹṣin àtiwálé. Ẹ̀kẹta ló kù. Àwa ni a fẹ́ ẹ. Láti ọdún mẹ́ta ni a ti ń gbé ohun tí àwa ń fẹ́ sí ọmọ lẹ́nu, tí à ń pín in kiri bí ẹni pé òun ló rán wa.

A wá rántí bàbá tó bí bàbá ilé. Nígbà tí rògbòdìyàn ẹ̀sìn bẹ́ sílẹ̀ ní Kàdúná ní ọdún 2000, Bàbá sọ fún gbogbo àdúgbò rẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́ pé, "Ọmọ mi fẹ́ máa bọ̀ nílé." Ó ní kí wọ́n tún yàrá méjì ṣe. Àwa kò sọ bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ wa wà níhìn-ín, ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ wà níhìn-ín, àwọn tó gbà wá sílé tí wọ́n sì bò wá ní ọjọ́ ogun náà, ìhín ni wọ́n wà. Ṣùgbọ́n a kò lè la ẹnu sọ fún Bàbá pé a kò fẹ́ padà. Òun náà kò sì bi wá. Bí a bá lọ ọdún, á fi yàrá hàn wá, àwa á ní "ẹ ṣeun, Bàbá." Títí ó fi jáde láyé ní ọdún 2009, kò sẹ́ni tó sọ ọ̀rọ̀ náà jáde nínú àwa àti òun. Ohun tí Bàbá ṣe sí wa, tí a sì kà sí ẹrù, òun náà la ń dì ru ọmọ tiwa.

A tún gbólóhùn karùn-ún kọ: "Watashitachi wa musuko ni kaette kite hoshii desu." Àwa fẹ́ kí ọmọ wa padà wálé. A ya fọ́tò rẹ̀, a fi ránṣẹ́. Ní ọjọ́ kejì, kì í ṣe ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọmọ wa pè. Ó ní ìyàwó òun ti fi ìwé náà han òun. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó wá ní, "Bàbá, Màmá, mo ti mọ̀ tipẹ́ pé ohun tí ẹ fẹ́ nìyẹn, ṣùgbọ́n ẹ kò sọ fún mi rí. Àwọn ará ìta ló máa ń wá bi mí pé ìgbà wo ni mo ń bọ̀." Lẹ́yìn náà ló sọ tirẹ̀. Ó ní òun kò tíì fẹ́ padà. Ó fi Jàpáànì sọ ọ́ kí ìyàwó rẹ̀ lè gbọ́: "Mada kaeritaku nai desu." Ó ní òun fẹ́ kí ọmọ òun mọ Ògbómọ̀ṣọ́, kó sì mọ Kàdúná tí wọ́n ti bí òun. Ó wá ní ohun kan wà tí òun ti fẹ́ sọ fún wa láti ìgbà tí wọ́n ti bímọ, tí òun ń bẹ̀rù pé a ó sọ pé owó ti pọ̀ jù. Ọ̀rọ̀ méjì péré ni: "Kite hoshii." Ẹ wá.

A kò ní parọ́ fún yín pé kò dùn wá. Ó dùn wá, pàápàá ti ilẹ̀ tí a rà. Ṣùgbọ́n ara wa fúyẹ́ lẹ́yìn rẹ̀. Ó sàn kí èèyàn gbọ́ "n kò tíì fẹ́" láti ẹnu ọmọ rẹ̀ ju kí ó máa gbọ́ "ẹ ṣeun, Bàbá" fún ọdún mẹ́sàn-án. Ìwé ìrìnnà wa ti jáde. Ìyá ilé ti ń ka iye ìsinmi tó kù fún wa ní ọ́fíìsì.

Ẹ̀yin èèyàn wa, a kò ní kí ẹnikẹ́ni lọ kọ́ èdè Jàpáànì. Ohun tí a fẹ́ kí á jọ wò ni ohun tí a máa ń sọ nínú ìpàdé wa níhìn-ín. A máa ń ní, "Àwọn ọmọ wa kò fẹ́ sọ Yorùbá. Hausa àti Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fẹ́." A máa ń ní, "Àwọn ọ̀dọ́ kò fẹ́ wá sípàdé." Ta ni wọ́n sọ fún? Ṣé ó ní ọmọ kan tó ní òun kò fẹ́, àbí à ń wo ìṣe rẹ̀, àbí ohun tí àwa fẹ́ tí kò bọ́ sí i la ń pè ní àìfẹ́ tirẹ̀? Ọmọ tí a kò fi Yorùbá bá sọ̀rọ̀ nílé láti kékeré, ìgbà wo la fi èdè náà lọ̀ ọ́ tó ní òun kò gbà á? Ẹ jẹ́ kí á bi wọ́n. Kí àwa náà sì sọ tiwa fún wọn lójú korojú, pé ohun tí àwa ń fẹ́ nìyí, tiwa ni, kì í ṣe tiyín.

Ní ti ọmọ-ọmọ wa, arákùnrin kan tó ń lọ sí Tokyo bá wa mú fìlà abetí-ajá kékeré kan lọ fún un. Ó dé e lójú fóònù, ó bò ó lójú títí dé imú. Bàbá rẹ̀ bi í pé kí ni a ń sọ. Ó ní, "Hoshikatta!" Ó ti fẹ́ ẹ tipẹ́. Lọ́tẹ̀ yìí, a gbọ́ ọ, kò sẹ́ni tó túmọ̀ rẹ̀ fún wa.

Ẹgbẹ́ wa kò ní tú. Ohun rere tí oníkálukú wa ń fẹ́, Ọlọ́run yóò ṣe é fún wa.